Ìgò Epo Nínú Kẹ̀kẹ́ Oníná

Kò sí awakọ̀ kẹ̀kẹ́ kan ní páàkì ẹ̀gbẹ́ Ọjà Tìmì ní Ẹdẹ tí kò mọ Fàsílátù. Bí ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀, obìnrin kan ṣoṣo tí ẹ máa rí láàárín àwọn ọkùnrin yẹn, tó wé ìborùn mọ́ orí dáadáa, tó ń fi aṣọ nu ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ, òun náà nìyẹn. Ìyá Labeebah ni wọ́n ń pè é, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé ní Pólì. Ó ti lé ní ogójì ọdún, kò ga, kì í pariwo. Àmọ́ bó bá ti ní òun ò ṣe nǹkan, kí ẹ kúkú lọ sùn, torí kò ní ṣe é.

Inú epo bẹntiróòlù ló dàgbà sí. Ìyá rẹ̀ ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà Alajue, fún àwọn ọlọ́kadà tí kò lè dé ilé epo. Láti kékeré ni Fàsílátù ti ń di àrọ mú, tó ń rọ epo láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan kán sílẹ̀. Tó bá kan ọ̀rọ̀ epo, imú rẹ̀ kì í ṣìnà. Bí èèyàn bá fi kẹrosíìnì díẹ̀ lú u, á mọ̀, á sì sọ ọ́ lójú ẹni tó lú u. Níbi tó ti ń ta epo yẹn ni Tawheed ti rí i. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ni Tawheed, àràárọ̀ ló sì ń wá ra epo. Ẹni tó bá rí bí ọkùnrin náà ṣe ń ra epo sínú táńkì tó ti kún ni ì bá ti mọ̀ pé kì í ṣe epo ló ń wá.

Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bí Labeebah, wọ́n sì gbé pọ̀ dáadáa títí àìsàn fi mú Tawheed lọ. Àwọn ẹbí ní kó ta kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀, kó fi owó rẹ̀ ṣòwò. Fàsílátù ní òun ò tà á. Ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á, ó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ náà padà sí páàkì tí Tawheed ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ọkùnrin yẹn ò kọ́kọ́ kà á sí. Wọ́n á máa wò ó bíi pé ó ṣìnà débẹ̀ ni, pé tó bá rẹ̀ ẹ́, á padà sílé. Kò tíì pẹ́ rárá tó débẹ̀ nígbà tí epo tán mọ́ ọn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Gádà, pẹ̀lú èrò nínú kẹ̀kẹ́. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ sunkún. Teslim ló kọ́kọ́ yọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ní páàkì. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó ki rọ́bà bọ inú táńkì tirẹ̀, ó fi ẹnu fa epo, ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìgò kan kún. Nígbà tí Fàsílátù na owó sí i, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

“Ẹ gbé owó yín pamọ́, Ìyá Labeebah. A kì í gba owó epo lọ́wọ́ ara wa.”

Òfin páàkì nìyẹn. Ẹni tí epo bá tán mọ́ lọ́nà, ọmọ páàkì tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ gbọ́dọ̀ bu ìgò kan fún un. Kò ní san án padà fún ẹni tó fún un. Ẹlòmíràn tí epo tirẹ̀ bá tán lọ́jọ́ iwájú ni òun náà máa bù fún. Ọjọ́ yẹn ni Fàsílátù mọ̀ pé wọ́n ti gba òun. Inú rẹ̀ dùn ju ọjọ́ tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni epo wọ́n. Nígbà tí owó ìrànwọ́ ìjọba kúrò lórí epo, tí owó lítà kan fò sókè, tó sì ń fò títí ó fi kọjá ẹgbẹ̀rún náírà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ ti àwọn awakọ̀ ló burú jù. Fàsílátù á ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, ilé epo á gba ju ìdajì owó náà lọ. Èyí tó bá kù, táyà, mẹkáníìkì àti owó tíkẹ́ẹ̀tì á pín in mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá dà bíi pé ilé epo gan-an ló ń bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n kàn ń fún un ní owó ọbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí nígbà tí Akóredé dé. Akóredé ń ta sólà nítòsí Pólì. Ó to pánẹ́ẹ̀lì rẹpẹtẹ sórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì kó kẹ̀kẹ́ oníná wá, èyí tí kò ní táńkì rárá, bátìrì ló fi ń rìn. Ẹni tó bá fẹ́ á fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ sílẹ̀, á fi owó díẹ̀ lé e, á sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Àwọn awakọ̀ lọ wò ó, wọ́n fọwọ́ gbá a lára, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n padà. Teslim ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Fàsílátù ò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi Akóredé.

“Eélòó ni mo máa fi cháàjì ẹ̀ lójúmọ́?”

Akóredé sọ fún un. Ó ní kó tún un sọ. Owó náà ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó ń fi ra epo. Fàsílátù lọ sílé, ó rò ó, ó gbàdúrà sí i, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ Tawheed wá. Ó ṣí ìdérí táńkì, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dé e, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Akóredé lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀nà ló fi sunkún délé lórí kẹ̀kẹ́ tuntun.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e lọ sí páàkì, ẹ̀rín ni. Kẹ̀kẹ́ náà kì í dún. Bàbá kan wọlé, ó jókòó, ó jókòó, ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ ò tíì ní sítáàtì ẹ̀ ni?” Wọ́n sì ti rìn kọjá ààfin nígbà náà. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ò gbọ́ ọ, ewúrẹ́ ò gbọ́ ọ, ó wá di dandan kí obìnrin tí kì í pariwo máa ké ní gbogbo ìgboro pé, “Ẹ yà o! Ẹ yà fún kẹ̀kẹ́ o!” Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ó ka owó ọjọ́ náà, ó tún un kà, ó ń rò ó bóyá owó ẹlòmíràn ló ṣèèṣì wọ àpò òun. Ó ra ẹja tútù ńlá kan délé. Labeebah bi í pé ṣé àlejò ń bọ̀ ni.

Kì í ṣe pé kò ní ìnira tirẹ̀ o. Ní ilé epo, ẹ wọlé, ẹ rà, ẹ jáde. Bátìrì ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kánjú. Ọ̀sán, nígbà tí èrò bá dín, ni Fàsílátù máa ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ Akóredé. Á kírun Àyìlà níbẹ̀, á jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán, á máa bó ẹ̀gúsí tí àwọn oníṣòwò gbé fún un láti bó. Nígbà tí bátìrì bá fi kún, owó ẹ̀gúsí á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san owó cháàjì. Àwọn ọkùnrin tó ń fi ọ̀sán sùn sínú kẹ̀kẹ́ wọn ní páàkì, ṣé ẹnì kan nínú wọn lè ronú kan irú èyí?

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí epo tán mọ́ Teslim lójú ọ̀nà Alajue. Oòrùn mú ganrínganrín. Fàsílátù ló kọ́kọ́ débẹ̀. Inú Teslim ti dùn, ó ti fa rọ́bà yọ, kó tó rántí irú kẹ̀kẹ́ tó dúró síwájú rẹ̀. Ó wo kẹ̀kẹ́ náà, ó wo Fàsílátù, ó ká rọ́bà rẹ̀ padà.

“Teslim, má bínú. Jẹ́ kí n bá ẹ tì í.”

“Ẹ máa lọ, Ìyá. Èrò yín ń kánjú.”

Bó ṣe sọ ọ́ ló dun Fàsílátù ju ohun tó sọ lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni wọ́n máa ń ṣe ìpàdé páàkì. Jibril, àgbà awakọ̀ tó jẹ́ alága wọn, ló jókòó síwájú. Teslim dìde.

“Alága, mi ò ní nǹkan burúkú lọ́kàn sí Ìyá Labeebah. Ṣùgbọ́n òfin epo yìí la fi ń jẹ́ ọmọ páàkì. Ẹni tí kò lè fún wa lépo, tí àwa náà ò sì lè fún lépo, báwo ló ṣe jẹ́ ara wa? Kí wọ́n kúkú lọ dá páàkì tiwọn sílẹ̀.”

Àwọn kan mi orí, àwọn kan ń wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Alága wá yíjú sí Fàsílátù.

“Ìyá Labeebah, ọ̀rọ̀ Teslim ò dùn, àmọ́ ó ní ìdí. A bá òfin yẹn níbí ni. Ẹ lọ rò ó. Tó bá di Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ wá sọ ohun tí ẹ máa fún wa dípò epo. Bí kò bá sí, ẹ ò ní lè to orí ìlà pẹ̀lú wa mọ́.”

Ẹni tí kò bá sí lórí ìlà ò lè gbé èrò ní páàkì. Á máa rìn kiri ìgboro ni, á máa ṣa èrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Fàsílátù sì ní kẹ̀kẹ́ tó ṣì ń san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ló dùn ún jù. Ọ̀rọ̀ pé òun kì í ṣe ara wọn ló wọ̀ ọ́ ní akínyẹmí ara. Ó ṣe é bíi pé wọ́n lé òun àti Tawheed jáde pọ̀.

“Màámi, ẹ kúkú máa san owó epo ìgò kan fún wọn lóṣooṣù,” ni Labeebah wí.

“Owó? Ẹni tí epo tán mọ́ lọ́nà Alajue, kí ló fẹ́ fi owó mi ṣe? Ṣé ó máa rọ ọ́ sínú táńkì ni?”

Lẹ́yìn tó sọ bẹ́ẹ̀ tán ló gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti rí ohun tó máa ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ajórinmọ́rin kan kó bá òun jó àpótí irin kékeré mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, níta, níbi tó jìnnà sí èrò àti sí bátìrì, kó sì lu ihò sí i kí afẹ́fẹ́ máa wọ ibẹ̀. Ẹni tó ti ta epo rí mọ bí epo ṣe lè burú tó. Ó wá gbé kẹ̀kẹ́ náà wọ ilé epo. Dámilọ́lá, ọmọbìnrin tó ń rọ epo, yí kẹ̀kẹ́ náà po.

“Màmá, táńkì dà?”

“Kò ní táńkì.”

“Ta wá lẹ fẹ́ ra epo fún?”

“Ẹni tí tirẹ̀ bá tán,” ni Fàsílátù wí, ó sì na ìgò sí i.

Nígbà tó ṣí àpótí náà fún wọn ní ìpàdé Jímọ̀, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ọkùnrin yẹn. Kẹ̀kẹ́ tí kò mu epo ló wá ń ru epo kiri! Àwọn míì di inú mú. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìgò náà dáadáa, ó ní, “Ẹ to orí ìlà.” Teslim ní kí wọ́n ṣì máa wò ó ná, pé tó bá ti ra èkejì, ó máa sú u.

Kò sú u. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ ní ìpàdé yẹn: òfin tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ bínú ti ń kú lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn. Látìgbà tí epo ti wọ́n, èyí tó máa tó ọ̀sán nìkan ni kálukú ń rà. Bí wọ́n bá rí ẹni tí epo tán mọ́, àwọn míì á gbé ojú sókè bíi pé àṣá ń fò lójú ọ̀run, wọ́n á kọjá lọ. Ìgò ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Fàsílátù nìkan ló ń kún nígbà gbogbo. Owó tí kò fi ra epo sí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ mọ́ ló fi ń ra ti inú ìgò. Kò fi àgádágodo sí àpótí náà, kí ẹni tó bá nílò epo lè mú un bí òun ò tilẹ̀ sí nítòsí. Nígbà tó yá, bí epo bá tán mọ́ èèyàn ní Òkè Gádà tàbí lọ́nà Awo, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ẹni tó bá ń kọjá ni pé, “Ìyá Labeebah dà?” Àwọn tó ti ń wo àṣá tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ojú ń tì wọ́n ni.

Àsìkò òjò dé. Ìgbà kan wà tí ojú ọ̀run ṣú, tí oòrùn kọ̀ tí kò yọ, iná ìjọba náà ò sì sí. Akóredé sọ fún Fàsílátù pé bátìrì rẹ̀ ò kún, kó má lọ jìnnà. Kò fẹ́ lọ jìnnà náà. Àmọ́ Naimat, obìnrin kan tó ń ta gàrí, bẹ̀ ẹ́ kó bá òun gbé gàrí láti Alajue kí òjò tó bà á jẹ́, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Wọ́n di àpò lé àpò. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, kẹ̀kẹ́ náà rọra dúró jẹ́ẹ́, kò mira mọ́.

“Ìyá, ṣé epo ló tán ni?” ni Naimat bi í.

“Epo kún lẹ́yìn níbẹ̀ fọ́fọ́,” ni Fàsílátù dáhùn. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló fẹ́ jáde.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Òjò ń ṣú bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí Teslim sọ ní ìpàdé ló ń dún létí rẹ̀: ẹni tí a ò lè fún lépo. Òótọ́ ni. Bí gbogbo ọmọ páàkì bá tò wá síbí báyìí tàwọn ti rọ́bà wọn, kò sẹ́ni tó lè bu ohun tó tán lọ́wọ́ òun fún òun. Ẹ̀rù bà á, ó sì wá sí i lọ́kàn fún ìgbà àkọ́kọ́ pé bóyá òun ti já ara òun sọ nù lọ́wọ́ àwọn èèyàn Tawheed.

Ìró kẹ̀kẹ́ ló gbọ́. Teslim ni. Ó dúró, ó fò sílẹ̀, ó sì fa rọ́bà yọ bó ṣe máa ń ṣe. Rọ́bà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rántí. Ó wo rọ́bà, ó wo Fàsílátù, ẹ̀rín bú lẹ́nu àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Naimat ń wò wọ́n bí ẹni pé orí wọn dàrú.

“Mo ní okùn,” ni Teslim wí. Ó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó tún dúró, ó họ orí. “Ìyá, mi ò ní parọ́ fún yín. Epo tó máa gbé èmi nìkan délé ni mo rà. Kò lè fa kẹ̀kẹ́ méjì àti gàrí gun òkè yìí.”

Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì yíjú sí àpótí irin náà.

Fàsílátù fúnra rẹ̀ ló rọ epo yẹn sínú táńkì Teslim, pẹ̀lú ọwọ́ tó ti ń di àrọ mú láti kékeré. Ẹ̀kán kan ò kán sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Teslim ké, ó fà, okùn le tantan, kẹ̀kẹ́ oníná sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n sọ gàrí Naimat kalẹ̀ kí òjò tó dé, wọ́n sì fa kẹ̀kẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ Akóredé láti sùn síbẹ̀.

Teslim tú okùn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ kan ti Fàsílátù.

“Ìyá, epo yín ṣì kù nínú táńkì mi. Ẹ gba owó ẹ̀.”

“Gbé owó ẹ pamọ́, Teslim. A kì í gba owó epo lọ́wọ́ ara wa.”

Teslim fi owó rẹ̀ padà sápò. Ó ká okùn rẹ̀, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ. Nígbà tí bátìrì gba iná tó, Fàsílátù wá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó rántí pé òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà ní ilé epo, nítorí ìgò ti ṣófo. Ó ṣí àpótí irin náà kó mú un. Ìgò náà kún dé ẹnu. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Epo gidi ni, kò ní àdàlù.

Ó dé páàkì, ó bi wọ́n léèrè. Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan. Alága ń ka ìwé ìròyìn, àwọn yòókù ń nu gíláàsì. Teslim wá bẹ̀rẹ̀ kí i níwájú gbogbo wọn.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá Labeebah. Ṣé ẹ jí dáadáa?”

Òórùn epo ń tú lẹ́nu rẹ̀. Imú Fàsílátù ò sì ṣìnà rí. Ó dá a lóhùn pé òun jí dáadáa, ó dúpẹ́, ó sì lọ to orí ìlà.